Bí A Ṣe Ń Ka Àjèjì Inú Ìwé Gothic Àtijọ́ Lójú Àwọn Tí Wọ́n Mú Sìn: Bertha Mason Nínú Jane Eyre

Ìtàn adẹ́rùbani tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gothic bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1764, nígbà tí Horace Walpole gbé The Castle of Otranto jáde. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ohun tó sọ fún àwọn òǹkàwé ni pé ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n tẹ̀ ní Naples lọ́dún 1529 ni, ẹnì kan ló kàn túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Ítálì. Láti ìpìlẹ̀ ni ẹ̀rù inú irú ìwé yìí ti máa ń ti ilẹ̀ onílẹ̀ wá: Ítálì, Sípéènì, ilẹ̀ Lárúbáwá, Jàmáíkà, Transylvania. Àwọn kan lára àwọn tó kọ ọ́ sì ń jẹun láti ilẹ̀ onílẹ̀ yẹn. William Beckford tó kọ Vathek (1786) jogún oko ìrèké àti ẹrú ní Jàmáíkà. Matthew Lewis tó kọ The Monk (1796) náà jogún tirẹ̀ níbẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e bọ̀ láti Jàmáíkà ló sì kú sí lọ́dún 1818. Ẹni tó bá wá ń bi ìwé Gothic léèrè ọ̀rọ̀ ìmúnisìn, ohun tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè.

Jane Eyre la máa fi ṣiṣẹ́ níbí, nítorí ẹ̀rí pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn lámèyítọ́ sì ti jà lé e lórí dáadáa. Jane ń tọ́ ọmọ nílé ọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ Rochester, wọ́n sì fẹ́ra wọn débi ìgbéyàwó. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni àṣírí tú pé Rochester ti ní ìyàwó, Bertha Mason, ọmọ Jàmáíkà, tó tì mọ́ àjà kẹta ilé kan náà. Bertha yìí ni àjèjì wa. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé nínú ìwé báyìí, ẹlòmíì ló ń ròyìn àjèjì. Iṣẹ́ yín ni láti mọ ẹni tó ń ròyìn, ohun tó fẹ́ jẹ nídìí ìròyìn náà, àti ibi tí wọ́n ti pa àjèjì lẹ́nu mọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ìwé náà fúnra rẹ̀, odindi. Charlotte Brontë tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1847 lábẹ́ orúkọ Currer Bell. Ọ̀fẹ́ ni lórí Project Gutenberg. Ẹ gbà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí ẹ lè máa wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ti bébà kà tí ẹ bá rí i. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n gé kúrú fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, torí ọ̀rọ̀ Madeira (erékùṣù Potogí kan), ti Íńdíà àti ti owó ìdílé Mason lè ti bọ́ sọnù nínú rẹ̀, orí wọn sì ni iṣẹ́ yìí dúró lé.

Orí 38 ló ní. Àwọn ìwé kan máa ń ka orí tẹ̀lé ara wọn láti 1 dé 38, àwọn mìíràn a máa pín in sí ìdìpọ̀ mẹ́ta, tí àkọ́kọ́ ní orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì mọ́kànlá, ẹ̀kẹta méjìlá. Bí tiyín bá jẹ́ onídìpọ̀, orí 26 tí a máa dárúkọ níbí ni orí tó gbẹ̀yìn ìdìpọ̀ kejì. Bí ẹ bá ń ka orí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́wàá ti tó fún kíkà àkọ́kọ́. Ẹ ní ìwé àjákọ kan tàbí Excel lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kà á bí ìtàn, láìsí tíọ́rì

Ẹ fi àwọn lámèyítọ́ sílẹ̀ ná. Nínú kíkà àkọ́kọ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa sàmì sí: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ilẹ̀ tí kì í ṣe England. Ẹ máa rí Jàmáíkà, Madeira, Íńdíà, Faransé, Tọ́kì. Ẹni tó bá ti ka àròkọ nípa Bertha kó tó ka Bertha, ohun tí àròkọ náà fi hàn án nìkan ló máa rí. Kò ní rí Madeira, bẹ́ẹ̀ Madeira ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ owó tí a máa dé láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to gbogbo ibi tí àjèjì ti yọjú

Ẹ padà sórí ìwé lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ àwọn orí tí Bertha wà nínú wọn nìkan ni kí ẹ kà. Àwọn nìyí: orí 11, níbi tí Jane ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín kan tí kò ní ìdùnnú nínú ní àjà kẹta; orí 12, tí ẹ̀rín náà tún padà; orí 15, iná lórí ibùsùn Rochester; orí 20, tí ẹnì kan gé Richard Mason, arákùnrin Bertha, jẹ lóru; orí 25, aṣọ ìbojú ìyàwó tó ya; orí 26, ṣọ́ọ̀ṣì àti yàrá òkè; orí 27, àlàyé Rochester; àti orí 36, tí olùtọ́jú ilé àlejò ti ń sọ bí ilé ṣe jóná tí Bertha sì fò láti orí òrùlé.

Ẹ ya tábìlì oníkọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún: nọ́ńbà orí; ohun tó ṣe; ẹni tó rí i tàbí tó ń ròyìn; ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é; àti bóyá ó sọ̀rọ̀.

Kọ́lọ́ọ̀mù karùn-ún ló máa yà yín lẹ́nu. Láti orí 11 dé orí 36, ibi kan ṣoṣo la ti gbọ́ ohun tí Bertha sọ, kì í sì í ṣe láti ẹnu rẹ̀. Orí 20 ni, nígbà tí arákùnrin rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́ sọ fún Rochester pé ó ní òun máa fa ẹ̀jẹ̀ ọkàn òun gbẹ. Ní orí 27, Rochester ní ó ń ṣépè, ó ń pariwo orúkọ òun mọ́ èpè, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú èpè náà. Ẹ kọ èyí sínú tábìlì bó ṣe rí gan-an: ó sọ̀rọ̀, wọn kò jẹ́ ká gbọ́.

Ìkìlọ̀ kan lórí kọ́lọ́ọ̀mù kẹrin. Ẹ má túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é, ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá òkè ní orí 26, Jane ní òun kò tètè mọ̀ bóyá ẹranko ni tàbí ènìyàn, ó ń rá lórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó ń kùn bí ẹranko ìgbẹ́, irun rẹ̀ bo ojú rẹ̀. “It” ni Jane ń pè é nínú gbólóhùn yẹn látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá fi Yorùbá kọ ọ́ sínú tábìlì, “ó” ni ẹ máa kọ, ẹ̀rí tó lágbára jù lójú ewé yẹn á sì pòórá mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú ìran kan, kí ẹ dúró tì í

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Wákàtí kan gbáko lórí ìran kan kò pọ̀ jù. Ẹ mú ti orí 25.

Ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀. Jane jí lóru, ó rí obìnrin kan tó gùn, tó síngbọnlẹ̀, tí irun rẹ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀yìn. Obìnrin náà mú aṣọ ìbojú ìyàwó tí Rochester rà, ó dà á borí ara rẹ̀, ó sì yíjú sí dígí. Inú dígí ni Jane ti kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ kedere. Nígbà tí Jane ń ròyìn rẹ̀ fún Rochester, ó pe ojú náà ní “savage”, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Rochester dá a lóhùn pé iwin sábà máa ń funfun. Jane ní èyí tòun rí kò funfun, àwọ̀ elésè àlùkò ni, ètè rẹ̀ wú, ó ṣókùnkùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ dúdú. Ó ní ó rán òun létí òkú amùjẹ̀ inú ìtàn àwọn ará Jámánì. Lẹ́yìn èyí, obìnrin náà ya aṣọ ìbojú sí méjì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ń jáde lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Jane, ó gbé àbẹ́là súnmọ́ ojú rẹ̀, ó sì pa iná rẹ̀.

Ẹ bi ìran yìí ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ kọ èsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sí òmíì.

Àkọ́kọ́: irú ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi ya ojú náà? Ètè tó wú, àwọ̀ tó ṣókùnkùn, “savage”: bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣàpèjúwe aláwọ̀ dúdú nìyí. Ẹ lè sọ pé ìwé náà yá ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lò láti fi ya wèrè. Ẹ kò lè sọ pé ó fi hàn pé Bertha jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìyàtọ̀ àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ló ń ya iṣẹ́ tó dúró ṣinṣin sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹnikẹ́ni lè bì ṣubú.

Èkejì: kí ló ṣe ní tòótọ́, tí a bá bọ́ àwọn ọ̀rọ̀ adẹ́rùbani kúrò lára rẹ̀? Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí pẹ̀lú aṣọ ìyàwó. Ó ya aṣọ náà. Kò ṣe Jane ní nǹkan kan. Bí ẹ bá padà sí tábìlì, ẹ máa rí i pé àwọn tó fi ara wọn gba ìyà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ àti arákùnrin rẹ̀. Òótọ́ ni pé ní orí 36 ó dáná sun ibùsùn Jane, àmọ́ Jane ti kúrò nílé náà nígbà yẹn. Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀. Ẹ̀rí tí kò bá yín lára mu ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ̀kẹta: kí ni ẹni tó ní ilé sọ nípa ohun tí Jane rí? Rochester ní àlá pọ̀ mọ́ ọn, ó ní Grace Poole ni, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ Bertha. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ pa á rẹ́ nìyẹn, kó tó fò láti orí òrùlé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí a mọ̀ nípa èwe Bertha, ìwà rẹ̀ àti bí orí rẹ̀ ṣe dàrú, inú orí 27 ló ti wá, ẹnu Rochester sì ni. Ìgbà wo ló sọ ọ́? Lẹ́yìn tí ìgbéyàwó èké rẹ̀ ti dàrú, nígbà tó ń bẹ Jane kó má lọ. Bí Bertha bá jẹ́ oníwà burúkú tó ti ya wèrè, tí ìdílé rẹ̀ sì fi ẹ̀tàn fà á lé e lọ́wọ́, Rochester di ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, Jane á sì ṣàánú rẹ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kì í ṣe pé ẹ máa sọ pé irọ́ ló pa. Ẹ kò ní ẹ̀rí ìyẹn. Ẹ máa sọ pé kò sí ẹlẹ́rìí kejì: ohun tí Richard Mason jẹ́rìí sí ní ṣọ́ọ̀ṣì kò ju pé ìgbéyàwó wáyé àti pé arábìnrin òun ṣì wà láàyè.

Nínú orí kan náà, ẹ wo bí Rochester ṣe ya Jàmáíkà. Òru kan tí ó fẹ́ fi ìbọn pa ara rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ ń run imí ọjọ́, ẹ̀fọn ń kùn, òṣùpá pọ́n bí ọta ìbọn àgbá tó gbóná, èpè Bertha ń dún lára ògiri. Atẹ́gùn kan wá fẹ́ wọlé láti Yúróòpù gba orí òkun, ọgbọ́n sì sọ sí i lọ́kàn pé kó padà sílé. Ọ̀run àpáàdì wà ní Karíbíánì, ọgbọ́n ń fẹ́ bọ̀ láti Yúróòpù. Ẹ fa ìlà méjì sínú ìwé yín, ọ̀kan fún gbogbo ohun tó so mọ́ Jàmáíkà, ọ̀kan fún Yúróòpù, kí ẹ sì kó àwọn ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ wọn. Kò sí àlàyé tíọ́rì tó lè fi èrò amúnisìn hàn kedere tó ìlà méjì yẹn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tẹ̀lé owó

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í dé ibí, ó sì dùn wá, torí ibí ni ìwé náà ti tú àṣírí ara rẹ̀ láìmọ̀.

Orí 27 pe bàbá Bertha ní oníṣòwò àti olóko ní West Indies. Ẹgbẹ̀rún 30 pọ́n-ùn ló fi lé ọkọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ, torí pé bàbá Rochester ti fi gbogbo ilẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ní láti wá ọ̀nà àtijẹ fún un. Oko ní Jàmáíkà nígbà yẹn, ẹrú ló ń ṣe é. Ìgbà wo gan-an ni “ìgbà yẹn”? Ìwé náà kò dárúkọ ọdún. Ní orí 32, St John, ọ̀kan lára àwọn ìbátan Jane, mú ìwé ewì tuntun wá fún un, Marmion ni, èyí tí Walter Scott tẹ̀ jáde lọ́dún 1808. Àwọn àmì mìíràn nínú ìwé kò bá ọdún yẹn mu pátápátá, nítorí náà ẹ má búra lé e. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tí wọ́n kà ní orí 26 fi hàn pé ọdún 15 ti kọjá látìgbà tí Rochester ti gbé Bertha níyàwó ní Spanish Town. Òfin tó fòpin sí ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso jáde lọ́dún 1833, ó sì fìdí múlẹ̀ ní 1834. Ó jọ pé ìgbà tí ẹrú ṣì wà ni ìgbéyàwó náà bọ́ sí. Ìjọba san mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn fún àwọn olówó ẹrú. Àwọn ẹrú fúnra wọn kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ wá wo owó Jane. Ẹgbẹ̀rún 20 pọ́n-ùn ló jogún lọ́wọ́ arákùnrin bàbá rẹ̀, John Eyre, tó ń ṣòwò ní Madeira. Ní orí 33 ó pín in sọ́nà mẹ́rin, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó yìí ló sọ ọ́ di obìnrin tó lè padà sọ́dọ̀ Rochester lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ ṣí orí 26 padà, níbi tí agbẹjọ́rò Briggs ti ṣàlàyé bí àṣírí ìgbéyàwó ṣe tú: John Eyre ni aṣojú ilé iṣẹ́ Mason ní Funchal, olú ìlú Madeira, láti ọdún mélòó kan wá. Ilé òwò tó bí owó Bertha àti èyí tó bí owó Jane ń bára wọn dòwò pọ̀. Ìwé náà sọ ọ́ nínú gbólóhùn kan, ó sì kọjá lọ. Ẹ má kọjá lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá ibi tí ẹrú ti di àfiwé lásán

Ẹ wá “slave” lórí fóònù yín. Ní orí 1, Jane tó jẹ́ ọmọdé fi ọmọ arákùnrin màmá rẹ̀ wé ẹni tó ń fi pàṣán da ẹrú. Ní orí 2, ó fi ara rẹ̀ wé ẹrú tó ṣọ̀tẹ̀. Ní orí 24, ó fi Rochester ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun máa di míṣọ́nnárì, òun á lọ wàásù òmìnira fún àwọn obìnrin inú háréèmù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrú kún ìwé náà, ìyà Jane ló sì máa ń tọ́ka sí. Àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ lóko Mason, a kò rí ẹyọ kan nínú wọn. Bí ẹ bá fi ìgbésẹ̀ yìí lé ti owó lórí, ẹ ti ní àríyànjiyàn tó lè dá dúró.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìgbà yìí ni kí ẹ mú tíọ́rì wọlé

Ọ̀kan ni kí ẹ mú, ó pọ̀ jù méjì. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjà tó wà nílẹ̀. Lọ́dún 1979, Sandra Gilbert àti Susan Gubar sọ nínú The Madwoman in the Attic pé Bertha ni ìbínú tí Jane kò lè fi hàn, pé èjìrẹ́ òkùnkùn rẹ̀ ni. Lọ́dún 1985, Gayatri Chakravorty Spivak dáhùn nínú àròkọ kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní “Three Women's Texts and a Critique of Imperialism”. Èrò rẹ̀ ni pé kí Jane tó lè di akọni obìnrin tó dá dúró, ìwé náà ní láti sọ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn di ẹni tó ń fi iná sun ara rẹ̀ kúrò lọ́nà, ẹni tó bá sì ń yin Jane láìka ìyẹn sí ti gbà á wọlé. Ti Spivak la fara mọ́, nítorí ẹ̀rí owó gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀ kò yẹ kí ẹ ju ti Gilbert àti Gubar nù, nítorí ìran dígí orí 25 kò ṣeé túmọ̀ dáadáa láìsí i.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó ni ẹ fẹ́ tẹ̀ lé, Edward Said nínú Culture and Imperialism (1993) ló bá a mu. Ó ní ká máa gbọ́ ohùn méjì pọ̀ nínú ìwé kan náà, ti ilé ńlá ní England àti ti oko tó ń bọ́ ilé náà.

Ìwé Wide Sargasso Sea tí Jean Rhys, ọmọ Dominica, gbé jáde lọ́dún 1966 fún Bertha ní orúkọ mìíràn, Antoinette, ó sì jẹ́ kó sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́yìn tí tábìlì yín bá ti pé. Ẹni tó bá kà á ṣáájú á máa fi ọ̀rọ̀ Rhys sí Brontë lẹ́nu.

Ibi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù ni kíkọ pé Bertha jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó pe ìyá rẹ̀ ní “Creole”. Ní ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà lè tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní West Indies, ì báà jẹ́ funfun, dúdú tàbí àdàlù. Ìwé náà fi í sílẹ̀ láìyanjú, agbára rẹ̀ sì wà nínú àìyanjú yẹn. Ẹ tún rántí pé ọmọ olóko ni: lójú Rochester àjèjì ni, lójú àwọn tó ń gé ìrèké bàbá rẹ̀, ọ̀gá ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ di aṣojú gbogbo ẹni tí wọ́n mú sìn ti pa àwọn ẹrú oko náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Òmíràn ni gbígbé ọ̀rọ̀ Jane tàbí ti Rochester sí Charlotte Brontë lọ́rùn. Ẹ kọ “Jane ní” tàbí “Rochester ní”, ẹ fi “Brontë ní” sílẹ̀ àyàfi tó bá jẹ́ lẹ́tà rẹ̀ ni ẹ ń tọ́ka sí. Àwọn mìíràn á sì sọ gbogbo òkùnkùn inú ìwé di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, títí kan òru àti èéfín. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá so mọ́ ara ènìyàn, ilẹ̀ rẹ̀ tàbí owó rẹ̀, ẹ fò ó.

Bí ẹ bá gbé e lọ sínú ìwé mìíràn

Ìgbésẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ máa tẹnu mọ́ yàtọ̀.

Nínú Frankenstein ti Mary Shelley, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ti 1818 tàbí ti 1831. Nínú ti 1831 ni Clerval, ọ̀rẹ́ Victor Frankenstein, ti sọ pé òun fẹ́ lọ sí Íńdíà láti ran òwò àti ìmúnisìn Yúróòpù lọ́wọ́, ẹni tó bá fa gbólóhùn yẹn yọ bíi pé ti 1818 ni ti ṣìnà. Ẹ gbàgbé abàmì aláwọ̀ ewé inú sinimá, èyí tí Victor dá: ti inú ìwé ní awọ pupa rúsúrúsú, irun dúdú tó ń dán, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí amòfin. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀tàn ní orí 11 dé 16 (ti 1831). Nígbà tí Felix ń ka ìwé Volney, tó sọ ìtàn bí àwọn ìjọba ńlá ṣe ṣubú, fún Safie olólùfẹ́ rẹ̀, abàmì náà ń tẹ́tí, òun àti Safie sì jọ sunkún nítorí ohun tó dé bá àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ fi ìyẹn wé lẹ́tà kẹrin Walton, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan nínú ìwé náà, tó rí i lókèèrè tó sì pè é ní ẹhànnà erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n tó pe Victor ní ará Yúróòpù. Lọ́dún 1824, George Canning, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, ó fi abàmì yìí ṣe àpẹẹrẹ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n tètè dá ẹrú sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí ìwé jáde.

Heathcliff inú Wuthering Heights (1847): ẹ má wá ibi tó ti wá, ẹ wá ẹni tó ń méfò. Ọ̀gbẹ́ni Earnshaw rí i ní Liverpool, ìlú tó ń kó ẹrú jù ní England nígbà yẹn. Ó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Orúkọ ọmọ ilé náà tó ti kú ni wọ́n fún un, kò sì ní orúkọ bàbá. Ọ̀kan pè é ní Gípísì, Ọ̀gbẹ́ni Linton ní bóyá atukọ̀ ará Íńdíà ni tàbí ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ti Sípéènì tí wọ́n pa tì, Nelly, ìránṣẹ́ ilé náà, ní bóyá ọba Ṣáínà ni bàbá rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó méfò síwájú àméfò kọ̀ọ̀kan.

Dracula ti Bram Stoker jáde lọ́dún 1897, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó Benin tí wọ́n sì kó àwọn ère idẹ rẹ̀ lọ. Nínú ìwé yìí, àjèjì ló ń bọ̀ wá gba London: ó ra ilé ní Purfleet, ó kó àpótí erùpẹ̀ 50 ránṣẹ́. Lámèyítọ́ Stephen Arata ṣàlàyé ẹ̀rù yìí lọ́dún 1990, ẹ̀rù pé ohun tí a ṣe fún ìlú onílùú máa padà wá bá wa. Orí 2 ni ẹ̀rí tó dára jù: Dracula kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì jọ, ó ń kọ́ èdè náà kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀ ọ́n sí àlejò. Lẹ́yìn orí 4, àwọn tó ń lépa rẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé àkọsílẹ̀, díẹ̀ kíún la sì tún gbọ́ láti ẹnu rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Dublin ni Stoker. Ará ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ni, ará ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Fún àròkọ ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀: nǹkan bí 600 lórí ìran kan ṣoṣo, 450 lórí ẹni tó ń ròyìn, 450 lórí owó, 300 fún tíọ́rì, kí ìyókù jẹ́ ti ìfáárà àti ẹ̀rí tó tako yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìran náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ lámèyítọ́. Gbogbo ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ ṣe ẹ̀dà kan, kí ẹ pa orúkọ gbogbo àwọn onítíọ́rì rẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹnì kan tó ti ka Jane Eyre. Ibi tó bá ti bi yín pé “báwo lẹ ṣe mọ̀?” ni kí ẹ padà sínú tábìlì wá nǹkan fi sí.